Òkìtì òkúta ìdànù níbi ìwakùsà èédú: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹnjiníà kékeré ni mí níbi ìwakùsà èédú kan ní apá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi. Láti etí òkè ni àwọn típà wa ti máa ń da òkúta àti erùpẹ̀ tí a hú kúrò lórí èédú sínú àfonífojì kan, òkìtì náà sì ti ga tó mítà 30. Omi máa ń sun ní ìdí rẹ̀, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn òjò oṣù tó kọjá, ilẹ̀ orí rẹ̀ lanu gbọọrọ. A fi katakata ti erùpẹ̀ dí i, ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó tún fi lanu. Ọ̀gá wa ní kí ọkàn wa balẹ̀, pé òkúta kì í ṣàn. Àwọn olóúnjẹ tó ń tajà fún àwọn awakọ̀ pa àgọ́ sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Báwo ló ṣe yẹ kí a ṣètò irú òkìtì yìí, kí sì ni kí a ṣe sí èyí tó wà nílẹ̀ yìí?

Ìdáhùn: Ohun méjì wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ìyókù àlàyé mi. Ẹ dá dída òkúta sí etí òkìtì yẹn dúró lónìí, kí ẹ sì kó àwọn olóúnjẹ kúrò ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilẹ̀ orí òkìtì tó lanu, tí ẹ dí, tó tún lanu láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ilẹ̀ tí oòrùn mú kó sán. Òkìtì tó ń rìn ni. Omi tó sì ń sun ní ìdí rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn ti jẹ́ kí a mọ ohun tó ń tì í.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yín sọ, pé òkúta kì í ṣàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló gbà á gbọ́, nítorí pé òkúta tó bá bọ́ sílẹ̀ lójú wọn kì í kúrò níbi tó bá já sí. Ṣùgbọ́n òkìtì kì í ṣe òkúta kan. Òkúta ńlá, òkúta wẹ́wẹ́, amọ̀, yanrìn, afẹ́fẹ́ àti omi ló para pọ̀ di òkìtì, ohun tí omi bá sì ṣe sí àwọn yòókù ni yóò sọ bóyá yóò dúró tàbí yóò ya. Ibi tí ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú omijé ni Aberfan, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn náà dáadáa, nítorí pé ó jọ ti yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Abúlé àwọn awakùsà ni Aberfan, ní gúúsù Wales. Lórí òkè tó ga sókè abúlé náà ni ibi ìwakùsà Merthyr Vale ti ń kó ìdànù rẹ̀ jọ, òkìtì kan lẹ́yìn òmíràn, tí wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ òkìtì keje. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 1966, ó ti ga tó nǹkan bí mítà 34, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti yín lọ. Òjò rọ̀ gan-an ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21 oṣù náà, àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ dé orí òkìtì ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ rí i pé orí rẹ̀ ti rì tó mítà 3, àti pé lára irin ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó ìdànù ti já sínú kòtò náà. Wọ́n rán ẹnì kan sọ̀kalẹ̀ lọ sọ fún àwọn ọ̀gá. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òkìtì náà ya. Ó lé ní 100,000 kúbíìkì mítà tó kúrò láyè rẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ti di olómi, ó ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, ó sì sáré sọ̀kalẹ̀ títí ó fi bo ilé ìwé Pantglas àti àwọn ilé tó wà nítòsí rẹ̀. Ọmọdé 116 àti àgbàlagbà 28 ló kú. Àwọn ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sí kíláàsì wọn ni.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Edmund Davies darí jókòó fún ọjọ́ 76, ìjábọ̀ wọn sì jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967. Wọ́n di ẹ̀bi náà ru National Coal Board, àjọ ìjọba tó ń darí ìwakùsà èédú nígbà náà. Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ìjábọ̀ yẹn ni bí wọ́n ṣe yan ibi tí òkìtì náà wà. Àwọn tó yàn án fi ojú wo ilẹ̀ ni; kò sí ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ wò, kò sí ẹni tó yẹ àwòrán ilẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni ìsun omi àti odò kékeré wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì hàn kedere lórí àwòrán ilẹ̀ ìjọba. Lẹ́yìn tí òkìtì ya tán, omi náà ṣì ń tú jáde láti ibi tí ìdí rẹ̀ wà, bí ó ṣe ń tú jáde kí ẹnikẹ́ni tó da òkúta lé e.

Kì í sì ṣe pé òkìtì náà kò kìlọ̀. Òkìtì kẹrin lórí òkè kan náà ti ya lọ́dún 1944. Òkìtì keje fúnra rẹ̀ ti yẹ̀ lọ́dún 1963, ọdún kan náà tí ẹnjiníà ìlú kọ lẹ́tà nípa ewu ìdànù olómi tí wọ́n ń kó jọ sẹ́yìn ilé ìwé yẹn. Wọ́n ṣì ń da ìdànù sí i lọ fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí. Ohun tí ẹ pè ní ilẹ̀ tó lanu tó tún lanu nínú lẹ́tà yín, irú ìkìlọ̀ yẹn gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òkìtì. Ẹ lọ wo ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà nígbà tó bá ń fi kóńgò da gàrí sórí òkìtì inú ọpọ́n rẹ̀. Gàrí á gun òkè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dagẹ̀rẹ̀. Bí ìyá bá tún da kóńgò kan lé e, gàrí á yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì padà sí ìdagẹ̀rẹ̀ tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kóró nínú rẹ̀ á yí dé ìsàlẹ̀, àwọn tó kúná á dúró sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta tí típà bá dà láti etí òkè ṣe máa ń ṣe. Yóò dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀ tó wà láàárín dígírì 35 sí 38, òkúta ńlá á kó jọ sí ìdí, ìyẹ̀pẹ̀ àti amọ̀ á sì dúró sí òkè. Òkìtì tó bá wà ní ìdagẹ̀rẹ̀ tó fúnra rẹ̀ yàn yìí ti dé góńgó agbára rẹ̀: ohun tó ń dì í mú àti ohun tó ń fà á wálẹ̀ dọ́gba. Tí a bá fi agbára tó ń fà á wálẹ̀ pín agbára tó ń dì í mú, ohun tí a ó rí ni 1; iye tí a bá rí báyìí ni àwa ẹnjiníà ń pè ní òǹkà ààbò. Òkìtì tí òǹkà ààbò rẹ̀ jẹ́ 1 dúró lónìí nítorí pé kò tíì sí ohun tó fọwọ́ kàn án.

Bí a bá wá rọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ títí tó fi jẹ́ pé mítà 2 ni a ó rìn síwájú kí a tó gòkè mítà 1, òkúta kan náà yóò ní òǹkà ààbò tó tó 1.5. Iye yìí ni òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1977 lórí ìwakùsà èédú orí ilẹ̀ ń béèrè fún àwọn òkìtì ìdànù, èmi náà sì gbà pé kò yẹ kí a gba iye tó kéré sí i níbi tí ènìyàn bá ń gbé ní ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n inú òkìtì gbígbẹ ni 1.5 yìí wà o. Jẹ́ kí omi kún inú rẹ̀ dé ojú, kí ó sì máa ṣàn lọ ní ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà: omi á gbé nǹkan bí ìdajì ìwúwo òkúta, bí òkúta ṣe ń dì mọ́ra wọn á dín kù sí nǹkan bí ìdajì, òǹkà ààbò á sì já sí nǹkan bí 0.75. Kò sí ohun tó yí padà nínú òkúta, ẹnikẹ́ni kò sì fi kún gíga òkìtì; omi nìkan ló wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí léèrè pé omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá, kí wọ́n tó wá òkúta.

Èyí ṣàlàyé bí òkìtì ṣe ń ya. Bí ó ṣe ń ṣàn lẹ́yìn tó bá ya, ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ bu yanrìn tútù sínú agolo mílíìkì láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ rọra da omi sí i títí omi yóò fi dé ojú yanrìn, ẹ gbé òkúta tó tó ẹyin adìẹ lé e lórí. Òkúta náà á dúró. Ẹ wá fi ìka gbá ẹ̀gbẹ́ agolo náà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì: òkúta á rì. Àwọn hóró yanrìn tó fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn ti fẹ́ sún mọ́ra, ṣùgbọ́n omi tó kún àyè náà kò tètè rí ọ̀nà jáde, ó wá gba gbogbo ẹrù náà sórí ara rẹ̀, omi kò sì lè gbé òkúta dúró. Òkìtì tí ẹ kò tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ìyẹ̀pẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, tí omi sì ti rin, agolo mílíìkì ni, títóbi rẹ̀ ló kàn yàtọ̀. Ẹ gbé agolo náà lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá yín, kí ẹ gbá a lójú wọn.

Ẹ wá bèèrè bó ṣe yẹ kí a ṣètò òkìtì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí yóò wà, nítorí pé àṣìṣe ibẹ̀ kò ṣeé fi katakata tún ṣe. Bí ilé ṣe nílò ìpìlẹ̀ ni òkìtì nílò rẹ̀. Kí típà kankan tó dà á, ó yẹ kí a ti rìn gbogbo àfonífojì náà lẹ́ẹ̀mejì, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a gbẹ́ kòtò ìdánwò, kí a gbẹ́ ihò dé orí àpáta níbi tó bá yẹ, kí a sì fi àmì sí gbogbo ibi tí omi bá ti ń sun. Ẹ má sì fi mọ sórí ẹ̀rọ. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà abúlé tó ń lọ pọnmi nígbà èwe wọn. Wọn yóò mú yín dé ìsun tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan, wọn yóò sì sọ orúkọ rẹ̀ fún yín. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, bí amọ̀ bá wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí bí ìsun náà bá lágbára, ẹ wá ibòmíràn. Òkìtì tó jìnnà tó kìlómítà kan sí i yóò gbówó dísẹ́ẹ̀lì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó tí a lè kà ni.

Bí a bá ti rí ilẹ̀ tó dára, a ó gé igbó rẹ̀, a ó hú gbòǹgbò kúrò, a ó sì kó ilẹ̀ ọlọ́ràá orí rẹ̀ pamọ́ sọ́tọ̀ fún ìgbà tí a bá fẹ́ gbin nǹkan sórí òkìtì. Igi àti koríko tí a bá da òkúta bò yóò jẹrà, ilẹ̀ tó bá sì ti jẹrà lábẹ́ òkìtì á di ibi tí òkìtì ń yọ̀ lórí rẹ̀. A ó gbẹ́ gọ́tà ńlá yí apá òkè ká kí àgbàrá má baà wọ inú òkìtì rárá. Ìsun kékeré tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, a ó fi ọ̀nà omi tí a fi òkúta líle ńláńlá kọ́ mú un jáde dé ìdí òkìtì, kí ó máa ṣàn ní gbangba, kí a lè máa wò ó.

Ọ̀rọ̀ òkúta líle yìí gba àkíyèsí ní agbègbè yín. Èédú ìlà-oòrùn Kogi àti ti Enugu wà nínú ìdìpọ̀ àpáta tí wọ́n ń pè ní Mamu, níbi tí òkúta alámọ̀ dúdú ti wà láàárín òkúta oníyanrìn. Yanrìn Ajali ló bo orí rẹ̀, èyí tó rọ̀ débi pé ẹ lè fi ọwọ́ rún un, tí àgbàrá sì ń gbẹ́ ọ̀gbun ńláńlá sínú rẹ̀ káàkiri agbègbè náà. Kò sí èyí tó yẹ fún ọ̀nà omi nínú méjèèjì. Ẹ mú òkúta alámọ̀ kan tó le lọ́wọ́ yín bí àpáta, ẹ jù ú sínú korobá omi ní ìrọ̀lẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ẹrẹ̀ nínú korobá. Ẹ yọ ọ́, ẹ sá a kí ó gbẹ, ẹ tún rì í. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Òkúta tó bá dúró lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni kí ẹ rò fún ọ̀nà omi, kí ẹ sì ṣe ìdánwò rẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀ nínú kòtò yín, ẹ ra òkúta kuarí wá láti ibòmíràn. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé òkúta ńlá tó yí dé ìdí òkìtì máa ń tan ènìyàn jẹ: ọdún kìíní, omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, ọdún kẹta, òkúta alámọ̀ ti di amọ̀, ọ̀nà ti dí, omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nínú òkìtì, ẹnikẹ́ni kò sì rí i láti ìta.

Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni kí a máa kọ́ òkìtì, ní ìpele-ìpele, kì í ṣe láti etí òkè wálẹ̀. Òfin ààbò ibi ìwakùsà ní Amẹ́ríkà sọ pé ìpele òkìtì ìdànù èédú kò gbọdọ̀ nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, ìyẹn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60, kí a sì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dagẹ̀rẹ̀ ju mítà 2 síwájú sí mítà 1 sókè. Ní àárín ẹ̀gbẹ́ náà, a máa ń fi àtẹ̀gùn fífẹ̀ sílẹ̀, tí gọ́tà wà lórí rẹ̀, kí òjò má baà gbẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé níbi ìwakùsà èédú Elk Valley ní British Columbia, ní Kánádà, láti etí òkè ni wọ́n ti ń da òkúta, tí òkìtì wọn sì ga tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkìtì yìí náà ti ya níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, orí àpáta òkè gíga ni wọ́n wà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọn ìrìn wọn, wọ́n sì ń pa ìsàlẹ̀ wọn mọ́ kí ènìyàn má baà sí níbẹ̀. Pẹ̀lú òjò wa, pẹ̀lú òkúta alámọ̀ wa, pẹ̀lú bí ènìyàn ṣe ń tajà níbikíbi tí awakọ̀ bá ti ń jẹun, èmi kò ní fọwọ́ sí i.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ẹrẹ̀ tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń fọ èédú pọ̀ mọ́ òkìtì òkúta, tàbí kí wọ́n fi òkìtì òkúta ṣe ìdènà omi ẹrẹ̀ náà láìsí ẹnjiníà tó ṣe ìṣirò rẹ̀. Irú ìdènà bẹ́ẹ̀ ló já ní Buffalo Creek, ní West Virginia, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1972. Ènìyàn 125 ló kú, ó lé ní 4,000 tó di aláìnílé. Òkìtì keje Aberfan náà ní ẹrẹ̀ irú èyí nínú.

Iná àti omi kíkan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe wọn ni ẹ bèèrè. Èédú tó bá ṣẹ́ kù nínú ìdànù lè gbaná fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé sí i, nítorí náà títẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń dáàbò bò yín lọ́wọ́ iná gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dáàbò bò yín lọ́wọ́ ìyalulẹ̀. Òkúta tó ń dán bí wúrà nínú òkúta alámọ̀ dúdú yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní páíráìtì, bí omi àti afẹ́fẹ́ bá kàn án, á sọ omi di kíkan, á sì sọ ìsàlẹ̀ odò di pupa bí irin tó dípẹtà. Ẹni tó bá ti dé ibi àwọn kòtò Enugu tí wọ́n ti pa tì mọ ohun tí mo ń wí. Èédú ibẹ̀ ló ń fa ọkọ̀ ojú irin wa nígbà kan, òun ló sì ń tan iná Èkó láti ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ìjọra; a ti gbàgbé èédú náà, ṣùgbọ́n omi kíkan kò tíì dá. Ní Elk Valley tí mo dárúkọ, sẹlẹ́níọ̀mù, èròjà kan tó máa ń wà nínú òkúta, ń jáde láti inú òkìtì wọ inú odò, àwọn ẹja sì jìyà rẹ̀. Lọ́dún 2021 ni ilé ẹjọ́ ní kí ilé iṣẹ́ Teck Coal, tó ń wa èédú níbẹ̀ nígbà náà, san mílíọ̀nù 60 dọ́là Kánádà. Ẹ ya òkúta tó ní páíráìtì sọ́tọ̀, ẹ dì í mọ́ àárín òkìtì níbi tí omi kò ti ní í dé, kí ẹ sì máa yẹ omi tó ń jáde wò lóṣooṣù.

Ní ti àmójútó, irinṣẹ́ tó wúlò jù lọ́wọ́ yín kò wọ́n rárá. Ẹ kan èèkàn irin méjì, ọ̀kan síwájú ibi tó lanu, ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì máa fi téèpù wọn àárín wọn ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Níbi iṣẹ́ kan tí mo wà rí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, tó sì ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré tó máa ń fi sí àpò àyà. Mìlímítà 4, lọ́jọ́ kejì 4, lọ́jọ́ kẹta 5. Lọ́jọ́ kẹrin ó kọ 11, lọ́jọ́ karùn-ún 26. Ó ká téèpù náà, ó sì tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. A dá àwọn típà dúró ní wákàtí yẹn, a sì lé gbogbo ènìyàn kúrò ní ìsàlẹ̀. Lóru ọjọ́ kejì, etí òkìtì náà wó lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kì í ṣe pé òkìtì ń rìn ló yẹ kó já yín láyà jù, nítorí pé gbogbo òkìtì tuntun ló máa ń rì díẹ̀. Bí ìrìn rẹ̀ bá ń yára sí i lójoojúmọ́, àkókò ti ń tán nìyẹn. Ẹ fi páìpù ìwọnmi sínú òkìtì pẹ̀lú, kí ẹ lè mọ ibi tí omi gòkè dé lẹ́yìn òjò, kí ẹ sì gbé ohun tí ń wọn òjò síbẹ̀. Kí ó wà nínú ìwé pé ẹni tó ń ka téèpù lè dá iṣẹ́ dúró láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Bí kò bá sí àṣẹ yẹn, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé rẹ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Òkìtì kì í sì í kú nígbà tí ìwakùsà bá kásẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà ìjì Dennis, òkìtì àtijọ́ kan ní Tylorstown, ní Wales, ya wọ inú odò Rhondda Fach, ìdànù tó tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti pa ìwakùsà ibẹ̀ tì. Ìjọba Wales wá ka àwọn òkìtì tó wà nílẹ̀, wọ́n sì rí èyí tó lé ní 2,000. Owó àmójútó wọn ti di ẹrù àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tó jẹ èrè èédú náà. Ní Aberfan, ìjọba tilẹ̀ mú 150,000 pọ́n-ùn nínú owó tí ayé dá fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láti fi kó ìyókù òkìtì kúrò, ọdún 1997 ni wọ́n tó dá a padà, láìsí èlé. Nítorí náà, kí owó ìtọ́jú òkìtì lẹ́yìn tí èédú bá tán wà nínú ètò láti ọjọ́ kìíní.

Mo wá padà sí òkìtì yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀, tí ẹ sì ti kó àwọn ènìyàn kúrò, ẹ má jẹ́ kí katakata gun etí rẹ̀ mọ́ láti dí ibi tó lanu. Erùpẹ̀ tí ẹ ń tì sí i ń fi kún ẹrù tó ń fà á wálẹ̀, ó sì ń bo ohun tó yẹ kí ẹ máa wò. Bí ó bá jẹ́ pé omi òjò ń wọlé gba ibẹ̀, ẹ rọra darí àgbàrá gba ọ̀nà mìíràn láti ẹ̀yìn, níbi tí ilẹ̀ ti dúró ṣinṣin. Ẹ kò gbọdọ̀ gbẹ́ ìdí òkìtì láti wá ìsun omi náà, bó ti wù kí ó wù yín tó; ìdí yẹn ló ń dì í mú. Ẹ wo omi tó ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́: bí ó bá yí padà di ẹrẹ̀, tàbí bí ó bá dá lójijì nígbà òjò, ewu ti dé tòsí. Nígbà tí ìwọ̀n téèpù bá ti fi hàn pé ìrìn rẹ̀ ti rọlẹ̀, ẹnjiníà tó mọ ìdí ilẹ̀ lè wá ṣe ìṣirò bóyá a ó fi òkúta líle tì í lẹ́sẹ̀, bóyá a ó fi páìpù fa omi inú rẹ̀ jáde, tàbí bóyá a ó kó apá òkè rẹ̀ kúrò. Kì í ṣe ìpinnu tí a ń ṣe láti inú lẹ́tà.

Ẹ kọ gbogbo èyí sílẹ̀ fún ọ̀gá yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú déètì, pẹ̀lú fọ́tò ibi tó lanu àti ìwọ̀n téèpù, kí ẹ sì pa ẹ̀dà kan mọ́ sọ́wọ́. Bí wọn kò bá dáhùn, òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 dá ẹ̀ka Mines Inspectorate àti ẹ̀ka Mines Environmental Compliance sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, mo sì mọ̀ pé ọmọdé kì í fẹ́ kí àgbà rò pé òun ń tàbùkù wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn olóúnjẹ lónìí, kí ẹ bá wọn gbé ìkòkò àti tábìlì wọn lọ sí apá kejì ọ̀nà, sórí ilẹ̀ tó ga, níbi tí wọn kò ti ní í wà lójú ọ̀nà òkìtì náà.